Bí a ṣe lè dá ìmọ̀ iṣẹ́ padà sí káńsù kí àwọn àgbà tó rìtáyà tán

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo wá ìwé ilẹ̀ bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ńbí, bàbá kan ló jókòó síbẹ̀, kò tiẹ̀ ṣí rẹ́jísítà, ó kàn ní "ọmọ ta ni ẹ́ ní Òkèsà?", mo dárúkọ bàbá mi, ó dìde, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún fáìlì ti wà lórí tábìlì. Mo tún padà lọ lẹ́yìn tí bàbá yẹn ti rìtáyà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá fáìlì kan náà, wọn ò rí i. Àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ o, ó hàn pé wọ́n fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó fi bí nǹkan ṣe wà hàn wọ́n rí ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń rìtáyà tó bá pé ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. August 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́dún yẹn, 2026 ni ọdún 35 ẹ̀ pé. Ẹ wá fi ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń japa kún un. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kan ní káńsù, tàbí ẹ lẹ́ni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí mo rò pé ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ rèé.

Àkọ́kọ́, ẹ ka èèyàn yín. Kì í ṣe orúkọ inú ìwé owó oṣù o, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ọdún tí onítọ̀hún máa lọ, ẹ wá kọ nǹkan tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tó ṣòro nìyẹn, torí àwọn fúnra wọn lè má mọ̀ pé nǹkan ńlá ni. Ẹ wo mọ́mì tó ń mójú tó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn káńsù, ìwọ̀n 2°C sí 8°C ló yẹ kí tẹmómítà firíìjì ẹ̀ máa wà, gbogbo nọ́ọ̀sì ló kọ́ ìyẹn ní skúùlù, ṣùgbọ́n mọ́mì yẹn nìkan ló mọ iye wákàtí tí yìnyín inú kúlà ń gbà kó tó yọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, àti ẹni tó yẹ kó sáré pè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!

Èkejì, ẹ fi ọ̀dọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà yẹn, ó kéré tán ọdún kan kó tó lọ. Àwa Ìjẹ̀ṣà ò nílò kẹ́nikẹ́ni kọ́ wa nírú èyí, ṣebí bí àwọn òṣómàáló ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, ọmọ á ru aṣọ tẹ̀lé ọ̀gá ẹ̀ láti abúlé dé abúlé, á máa wo bó ṣe ń tajà àwìn, bó ṣe ń sin gbèsè, ẹni tó ń san lẹ́yìn kòkó àti ẹni tí kò ní san àfi tí wọ́n bá lóṣòó tì í. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún wòléwòlé. Kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ tẹ̀ lé bàbá wọ ọjà Atákúmọ̀sà kó máa wò, bó bá yá kí òun máa ṣe é kí bàbá máa wò ó, ìgbà yẹn ni kó wá dá lọ. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún onílé pé kànga ẹ̀ ti súnmọ́ ṣáláńgá jù láìsí ìjà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìdajì iṣẹ́ yẹn. Ẹ má sì dúró dìgbà tó bá ku oṣù méjì. Kí ìjọba Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ ní January 1955, wọ́n ti ń ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ì bá dé kíláàsì kí wọ́n má bá olùkọ́.

Tí wọ́n bá ti ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, Yorùbá sì ni kí wọ́n fi sọ ọ́ o, èèyàn tó máa kọ ìlà mẹ́ta lédè òyìnbó á fi wákàtí kan ṣàlàyé ẹ̀ lédè ìyá ẹ̀. Kí ọ̀dọ́ yẹn wá tẹ̀ ẹ́ jáde, kó wà ní ọ́fíìsì, kó má jẹ́ inú fóònù ẹnì kan ló máa kú sí.

Àwọn tó ti rìtáyà ńkọ́? Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ má fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí bàbá tó fi ọdún 35 sin ìlú. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ẹ fún wọn ní owó mọ́tò àti nǹkan díẹ̀ sí i, kó wà nínú lẹ́tà. Wọ́n lè bi yín léèrè gírátúítì wọn tó ṣì wà nílẹ̀, ẹ má parọ́ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba èèyàn tuntun, àlàfo tó wà nínú bébà yẹn ni kẹ́ ẹ gbà á fún, kì í ṣe torí ọmọ lágbájá. Ẹ gbé iṣẹ́ fún un kó ṣe é lójú yín. Àwọn kọ́pà ń bẹ, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, láti OAU ní Ifẹ̀ àti Yunifásítì Ìléṣà ń bẹ, ẹ wo èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn. Tí àyè bá sì yọ fún tírénìn ní ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Badagry, ẹ má fún ẹni tó ku oṣù mẹ́fà kó rìtáyà, mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe é bí ẹ̀bùn ìdágbére, àmọ́ ìmọ̀ yẹn ń bá a relé ni.

Ẹ jẹ́ kí pròmóṣọ̀n máa bọ́ sí àsìkò, ẹ má sì máa ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọṣẹ́ kiri láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ẹni tó mọṣẹ́ jù ló máa ń kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí òun ló rí ibòmíì lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yẹn ti wọ ọ̀dọ́ náà lára, ẹ ní kí àgbà yẹn lọ líìfù ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rìtáyà rárá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é láti ọ́fíìsì, kó kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é sílẹ̀, tó bá dé, ibẹ̀ ni kí òun àti ọ̀dọ́ yẹn ti máa bá a lọ.