Bí a ṣe ń yí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀kadà mọ́ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀

Ọ̀kadà kan náà tí ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti Tákìé lọ sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì LAUTECH ní òwúrọ̀ lè máa ru àpò gàrí méjì àti ẹni tí ó ni wọ́n bọ̀ láti Ìrẹsà-Adú ní ọ̀sán. Iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba rárá. Síbẹ̀, bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ṣọ́ọ̀kì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí ó tò sí àwọn ibùdókọ̀ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, a ó rí i pé òrùka tí wọ́n ṣe síbẹ̀ kí a lè máa yí i ti dípẹtà mọ́ ojú kan ṣoṣo tí ó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń lo òrùka náà, ohun tí ó lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe bí ó ti wù kí a yí i tó, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì kan. Sípíríǹgì ni ó ń ru ìwúwo. Ọ́ìlì tí ó wà nínú páìpù àárín rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀kadà máa jó sókè sódò lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá kòtò. Nígbà tí táyà bá gun bọ́ǹpù, sípíríǹgì á fún pọ̀, á sì kó agbára sára. Nígbà tí ó bá fẹ́ tú agbára náà sílẹ̀ lójijì, ọ́ìlì tí ó ń gba ihò tóóró kọjá ni yóò fà á sẹ́yìn, agbára náà yóò sì di ooru. Òrùka tí mo ń sọ kò kan ọ́ìlì rárá. Ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ni ó wà. Wọ́n gé etí rẹ̀ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, tí ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, irin kékeré kan tí ó yọ lára ṣọ́ọ̀kì sì máa ń jókòó sínú ọ̀kan nínú wọn. Bí a bá yí òrùka sí àtẹ̀gùn tí ó ga, yóò ti ẹsẹ̀ sípíríǹgì sókè, yóò sì ti fún un pọ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun ọ̀kadà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Wọ́n á ní àwọn ti yí òrùka, ṣọ́ọ̀kì àwọn sì ti le. Kò le. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ọdún 1678 pé bí agbára tí a fi tẹ sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe fún pọ̀ tó, ìwọ̀n yìí kò sì ní yàtọ̀ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tẹ̀ ẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú sípíríǹgì kan tí ó ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 kúrú fún kìlógíráàmù 20 kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé lé e. Bí òrùka bá ti fún un pọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tẹ́lẹ̀, kò ní mira títí ẹrù yóò fi kọjá kìlógíráàmù 40. Bí a bá yí òrùka náà sókè títí ìfúnpọ̀ fi di sẹ̀ǹtímítà 3, ó di ìgbà tí ẹrù bá kọjá kìlógíráàmù 60 kí ó tó mira. Ẹ wá gbé kìlógíráàmù 100 lé e. Ní ti àkọ́kọ́, yóò fi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sílẹ̀; ní ti èkejì, yóò fi 2 lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kìlógíráàmù 20 mìíràn kún un, sẹ̀ǹtímítà 1 ni méjèèjì yóò tún lọ sílẹ̀ sí i, kò sí èyí tí ó ṣe akin ju ìkejì lọ. Gíga tí ẹ̀yìn ọ̀kadà dúró sí ni òrùka ń yí padà, líle sípíríǹgì wà níbi tí ó wà.

  

Kí ẹ tó fọwọ́ kan òrùka, ẹ jẹ́ kí sàlẹ́ńsà tutù, nítorí ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún ju bí ọwọ́ ti lè gbà lọ. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn, torí táyà tí ó rọ̀ lè mú kí a máa di ẹ̀bi ru ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu irin dídán tí ó ń wọ inú páìpù ṣọ́ọ̀kì, ẹ gun ọ̀kadà lọ bọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì tún un nù: bí ọ́ìlì bá yọ sí àkísà lẹ́ẹ̀kejì, sílì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ti lọ nìyẹn, kò sì sí bí a ó ti yí òrùka tí yóò tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà, ẹ tẹ síìtì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó gòkè, kí ó sì fara balẹ̀. Bí ó bá ń jó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ tún di táyà ẹ̀yìn mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń ṣe kóró-kóró, búùṣì apá irin tí ó gbé táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Wíwọ̀n ló kàn, òun sì ni iṣẹ́ gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa kì í fẹ́ràn rẹ̀ torí ó gba ènìyàn mẹ́ta. Téèpù kan àti ìtẹ́lẹ̀ tí ó tẹ́jú ni a nílò. Ẹ fi sítáǹdì ńlá gbé ọ̀kadà dúró kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sára férémù lábẹ́ síìtì, ní ọ̀gangan òkè irin tí ó gba àárín táyà ẹ̀yìn kọjá, kí ẹ sì wọn láti irin náà dé ibi àmì. Kí ojú ìlà náà gùn tààrà sókè, kí ó má dagun. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: èyí ni ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ẹ wá gbé ọ̀kadà kúrò lórí sítáǹdì, kí ẹnì kan dì í mú ṣánṣán láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tún wọn ibì kan náà: ìwọ̀n kejì. Níkẹyìn, kí ẹni tí ó ń gun ún jókòó sí i bí ó ti máa ń jókòó lójoojúmọ́, kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi ìtẹ̀sẹ̀, kí ẹnì kan di ọwọ́ ọ̀kadà mú láti iwájú, kí ẹlòmíràn sì wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n kẹta. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èrò gbígbé, ẹ jẹ́ kí èrò kan gùn ún pẹ̀lú nígbà ìwọ̀n kẹta, nítorí irú ẹrù tí ẹ ń rù jù lọ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ohun kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ níbi ìwọ̀n kejì àti ìkẹta. Sílì àti búùṣì máa ń gán díẹ̀, nítorí náà ibi tí ọ̀kadà dúró sí lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ní bá ibi tí yóò dúró sí lẹ́yìn tí a fà á sókè dọ́gba. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó gòkè fúnra rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Àárín méjèèjì ni kí ẹ mú.

Ẹ wá yọ ìwọ̀n kẹta kúrò nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ohun tí ó bá kù ni bí ẹ̀yìn ọ̀kadà ti sọ̀ tó lábẹ́ ẹrù, èyí tí mo pè ní ìwọ̀n ẹlẹ́rù, ó sì yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn tí ṣọ́ọ̀kì gba táyà láàyè láti rìn. Fún irú ọ̀kadà tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 4 ni èyí. Bí ó bá sọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé òrùka sókè. Bí ó bá kéré, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀kadà tí kò sọ̀ rárá kò ní lè na táyà rẹ̀ sínú kòtò, táyà yóò sì máa fò kúrò nílẹ̀ lójú ọ̀nà oníyanrìn.

Ẹ má tíì kó téèpù. Ẹ yọ ìwọ̀n kejì kúrò nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́, kí ẹ rí bí ọ̀kadà ti ń sọ̀ tó lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀ nìkan. Iye yìí ni yóò sọ fún yín bóyá sípíríǹgì yín bá iṣẹ́ yín mu, ohun tí òrùka kò lè sọ. Bí ìwọ̀n ẹlẹ́rù bá ti dára, ṣùgbọ́n tí ọ̀kadà kò sọ̀ rárá nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, a jẹ́ pé sípíríǹgì náà rọ̀ ju ẹrù yín lọ, ìfúnpọ̀ àpọ̀jù ni a fi gbé e ró. Bí ìwọ̀n ẹlẹ́rù bá dára, tí ọ̀kadà lásán sì ti sọ̀ púpọ̀, sípíríǹgì ti le jù fún yín. Mo gbà pé ìwọ̀n kejì yìí ṣe pàtàkì ju ìkẹta lọ fún ẹni tí ó ń ru ẹrù oko, nítorí òun ni yóò gbà á lọ́wọ́ yíyí òrùka láìnídìí.

Yíyí òrùka fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ gbé ọ̀kadà padà sórí sítáǹdì ńlá. Bí òrùka bá ti dípẹtà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ẹ da kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un láyè di ọjọ́ kejì. Sípánà onígọ̀ngọ̀ tí ó máa ń bá ọ̀kadà tuntun wá ni kí ẹ fi yí i, àtẹ̀gùn kan lẹ́ẹ̀kan. Òòlù àti ṣísù tí a sábà máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí a máa jẹ etí òrùka, lẹ́yìn náà kò sí sípánà tí yóò tún mú un. Ẹ ka àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ pátápátá ní ọ̀tún, kí ẹ sì fi ti òsì sí iye kan náà. Bí ọ̀tún bá wà ní ìkẹta tí òsì wà ní èkejì, apá irin tí ó gbé táyà ni yóò máa lọ́, ọ̀kadà yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá ń yà. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ìwọ̀n kẹta wọ̀n.

Nígbà tí gíga ẹ̀yìn bá ti yí padà, ṣéènì àti iná iwájú yóò yí padà pẹ̀lú. Ṣéènì máa ń le jù lọ nígbà tí àárín táyà, ibi tí apá irin ẹ̀yìn ti so mọ́ férémù, àti àárín sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹrù wà lórí ọ̀kadà nígbà tí ẹ bá ń wo bóyá ó ṣì dẹ̀ díẹ̀. Ní ti iná, ẹ̀yìn tí ó ga a máa mú un tẹ orí ba sórí ilẹ̀ ìtòsí, ẹ̀yìn tí ó sọ̀ a sì máa tàn án sí ojú ẹni tí ń bọ̀, èyí tí kò dára rárá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lálẹ́.

Bí ìwọ̀n kejì bá ti fi hàn pé sípíríǹgì rọ̀ jù, ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá lẹ́bàá ọ̀nà ni kí wọ́n gé rọ́bà lára táyà àtijọ́ kí wọ́n sì kàn án sí àárín ìyípo sípíríǹgì. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyípo tí rọ́bà bá ti há kò lè fún pọ̀ mọ́, nítorí náà gbogbo wàhálà náà di ti àwọn ìyókù, àwọn ni yóò sì kọ́kọ́ rẹ̀, tí wọ́n yóò kán. Àwọn mìíràn a máa gé sípíríǹgì. Òótọ́ ni pé sípíríǹgì oníyìípo 10 tí a gé ìyípo 2 kúrò lára rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin le sí i, ṣùgbọ́n ó ti kúrú, òrùka kò ní lè fún un pọ̀ dáadáa mọ́, ẹnu ibi tí a gé kò sì ní jókòó tẹ́jú. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá: ooru iná a máa ba líle irin náà jẹ́.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a ra sípíríǹgì tí wáyà rẹ̀ ki jù. Kò sì gbọdọ̀ ki púpọ̀ jù, nítorí kíki wáyà ní agbára ju bí ojú ti lè rí i lọ. Bí fífẹ̀ àti iye ìyípo bá dọ́gba, sípíríǹgì oníwáyà mìlímítà 8 yóò fi nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 le ju ti mìlímítà 7 lọ. Ẹ mú káńlípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn kíki nǹkan, lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ojú lásán kò tó. Bí ọ̀kadà yín bá jẹ́ Bajaj Boxer, ẹ rántí pé sípíríǹgì méjì ni ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Íńdíà yìí fi sínú ara wọn. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti jọ ń ru ẹrù, líle wọn a máa pọ̀ mọ́ra, nítorí náà ẹni tí ó bá pààrọ̀ ti òde nìkan ní láti mọ ohun tí ti inú ń ṣe.

Méjèèjì ni a ń pààrọ̀ pọ̀, ọ̀tún àti òsì, bó ṣe sípíríǹgì ni o, bó sì ṣe odidi ṣọ́ọ̀kì ni. Èyí tí ó ní agolo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sábà máa ń ní gáàsì nitrogen tí a há mọ́ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe lu ú, ẹ má ṣe fi iná sí i, kódà bí ó bá ti bàjẹ́ tí ẹ fẹ́ tà á fún àwọn onírin àlòkù.