Ọjà Ìtòkú Kì í Ṣe Ọpọ́n Ayò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Lílo Game Theory

Ẹni tó bá mọ ayò ta ti mọ ìdajì game theory, ìyẹn ìmọ̀ bí èèyàn ṣe ń pinnu nígbà tí èrè rẹ̀ tún wà lọ́wọ́ ohun tí ẹlòmíràn bá ṣe: kó tó mú ọmọ lọ́pọ́n, á ti ka ojúlé ẹnìkejì. Ìdajì tó kù ló ń ṣe oníṣòwò lọ́ṣẹ́. Ọmọ ayò 48 kò ní lé, kò ní dín. Èyí tí mo bá jẹ, ìwọ ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Owó ọjà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo aládìrẹ méjì tí ìsọ̀ wọn kọjú síra ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ká ní yáàdì márùn-ún ń ná kálukú wọn ní ₦6,000, oníbàárà 40 sì ń wá lójúmọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ń tà á ní ₦9,000, kálukú ta 20, ó jèrè ₦60,000. Bí ọ̀kan bá já a wálẹ̀ sí ₦8,000, ó ta 35, ó jèrè ₦70,000. Ẹnìkejì ta 5 péré, ₦15,000 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí àwọn méjèèjì bá já a, ₦40,000 ló kan kálukú. Ẹ wá ro èrè àwọn méjèèjì pọ̀: ₦120,000, ₦85,000, ₦80,000. Owó ọ̀hún gan-an ló ń joro.

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ₦70,000 ti gbàgbé pé aládùúgbò òun kò sùn. Bó bá jẹ́ ọjà ọjọ́ kan ṣoṣo, orí ₦40,000 ni àwọn méjèèjì máa jókòó sí, torí kò sí ẹni tó lè dá yí ọwọ́ padà níbẹ̀ kó jèrè sí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní Nash equilibrium, látinú iṣẹ́ John Nash, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ní 1950. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ló dára jù. Irọ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tó tún burú jù ni kéèyàn ka ìsọ̀ tí wọn yóò tún ṣí lọ́la sí ọjà ọjọ́ kan. Bí ẹ bá já owó wálẹ̀ lónìí, tí ẹnìkejì já tiẹ̀ náà lọ́la tí kò sì gbé e sókè mọ́, ₦10,000 lẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ₦20,000 lẹ ó máa pàdánù lójoojúmọ́. Bí ìṣeéṣe pé ẹ óò tún pàdé lọ́la bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kò pé yín láti já a. Ẹni tó máa kó kúrò ní ìsọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ lẹ ó máa ṣọ́. (Ẹ má tìtorí èyí jókòó fẹnu kò lórí iye o, òfin ìdíje ọjà ti 2018 lòdì sí i.)

Ìhàlẹ̀ ńkọ́? "Màá tà á ní ₦5,000!" Tí 35 bá lọ, ₦35,000 ti wọgbó. Ẹnìkejì mọ ìṣirò náà, kò ní mì. Pátákó tí ẹ kọ "Iye tí ẹ bá rí níbòmíràn la ó gbà" sí, tí gbogbo oníbàárà ń kà, ló máa kó o láyà jẹ, torí ẹ ò lè jẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́.

Èyí tó ń ba ìṣirò jẹ́ jù lọ ni kéèyàn máa fi iye tí ọjà ń ná òun ro ti ẹlòmíràn. Ẹ bi àwọn tó ń ta tẹ́ẹ̀rù àti aró léèrè iye tí ẹnìkejì yín ń rà á. Bó bá jẹ́ ₦5,000 ni yáàdì márùn-ún ń ná an, jíjá owó wálẹ̀ á gbé e láti ₦80,000 sí ₦105,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, ₦60,000 ló ṣì ń rí. Ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ti di márùn-ún nínú mẹ́sàn-án fún un. Kí ẹ tó pinnu, ẹ fi ₦500 kún iye tó ń ná an, ẹ tún yọ ₦500, kí ẹ ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdáhùn bá yí, ẹ padà lọ wádìí.