Bí mo ṣe ṣe mixing àti mastering orin tí mo gbà sílẹ̀ ní yàrá mi láìná owó púpọ̀

Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò pọ̀: máìkì condenser kan, audio interface kékeré oníhò méjì (àpótí tó ń so máìkì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà), headphone kan, àti kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. Orin náà fúnra rẹ̀ kò díjú. Ohùn mi wà níbẹ̀, ohùn ẹlẹ́gbè méjì, gìtá onígi, béèsì tí mo tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Inú yàrá tí mo ń sùn ni mo ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe mú un kúrò ní fáìlì wúruwùru títí ó fi di orin tó ṣeé gbé jáde, láìra plugin kankan, ìyẹn ètò kékeré tí a ń fi kún ètò ìgbohùnsílẹ̀. Mixing ni kí a to gbogbo ìró pọ̀ kí wọ́n bá ara wọn mu; mastering ni àtúnṣe ìkẹyìn lórí orin tí a ti tò tán.

Reaper, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba orin sílẹ̀ tí a sì fi ń tò ó, ni mo fi ṣe é. Wọ́n fún ènìyàn ní ọjọ́ 60 láti dán an wò, owó ìwé àṣẹ rẹ̀ kò sì ga ju ara lọ fún ẹni tó ń ṣe é nílé. Àwọn plugin tó bá a wá, bíi ReaEQ (EQ ni ohun tó ń gbé apá kan ìró sókè tàbí sílẹ̀) àti ReaComp (compressor, tó ń tẹ ibi tó ga jù mọ́lẹ̀), kò wuyì lójú rárá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn pé. Mo wá fi mẹ́ta kún un tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́: Voxengo SPAN tó ń ya àwòrán ìró, Youlean Loudness Meter tó ń wọn bí orin ṣe le tó, àti LoudMax tó jẹ́ limiter, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá òrùlé tí a bá fún un. Àwọn kan á sọ pé plugin olówó gọbọi ló ń mú orin dùn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ gbé kúrò nínú gìtá, EQ tó dára jù lọ láyé kò ní sọ fún un.

Iṣẹ́ kan wà tó ti parí kí mixing tó bẹ̀rẹ̀, òun ló sì gbà mí lọ́wọ́ wàhálà jù. Nígbà tí mo ń kọrin, ẹ̀yìn ara mi ni mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn máìkì. Iwájú ni máìkì cardioid fi ń gbọ́ràn, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nítorí náà, ìró tó bá lu ògiri tó wà lẹ́yìn olórin ló máa ń padà wọ ẹnu máìkì tààrà. Tí ìró yàrá bá sì ti wọnú ohùn tán, kò sí EQ tó lè yọ ọ́. Mo gba ohùn ní 24-bit, 48 kHz, mo sì jẹ́ kí ibi tó ga jù máa kan nǹkan bí -10 dBFS (dB ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó, 0 dBFS sì ni òrùlé tí ìró kò gbọ́dọ̀ kọjá). Àyè tí 24-bit ní tó 144 dB, ti 16-bit jẹ́ nǹkan bí 96, nítorí náà kò sí ìdí tí mo fi ní láti máa ti ohùn kan òrùlé.

Ìgbálẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ track kọ̀ọ̀kan (ìlà tí ohùn tàbí ohun èlò kan wà) lórúkọ, mo gé gbogbo ibi tí kò sí ẹni tó ń kọrin, mo sì fi fade kékeré, tó ń jẹ́ kí ìró wọlé tàbí jáde díẹ̀díẹ̀, sí ẹnu ibi tí mo gé kó má baà máa ta pàù. Ariwo fáànù wà lábẹ́ ohùn ẹlẹ́gbè kan. ReaFIR, plugin Reaper mìíràn, lè kọ́ ìró fáànù náà láti ibi tí kò sí ohùn, kó sì yọ ọ́ kúrò. Díẹ̀ ni mo fi yọ, torí tí ẹ bá yọ ọ́ jù, ohùn á máa dún bíi pé ó wà nínú omi. Ní ti èémí, mi ò gé e dànù. Mo kàn fà á wálẹ̀ ní nǹkan bí 6 dB. Olórin tí kì í mí máa ń kó mi láyà sókè.

Gìtá ló gba àkókò mi jù. Ọ̀nà méjì ni mo gbà á lẹ́ẹ̀kan náà: wáyà láti inú pickup rẹ̀ (ohun tó ń gbọ́ okùn lára gìtá fúnra rẹ̀) wọ ihò kan, máìkì wọ ihò kejì. Tí mo bá gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó dùn. Tí mo bá ṣí méjèèjì pa pọ̀, gìtá á gbẹ, ara rẹ̀ á lọ. Ohun tó fà á ni pé ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lójú ẹsẹ̀ ni pickup ti gbọ́ okùn, máìkì tó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 sí i á sì gbọ́ ọ lẹ́yìn 1 ms. Etí ò lè ka irú àkókò yẹn, ṣùgbọ́n ìgbì mọ̀ ọ́n. Ní 500 Hz (ìgbì 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), nígbà tí ìgbì ti pickup bá ń gòkè, ti máìkì á máa sọ̀kalẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn. Bákan náà ló rí ní 1500 Hz, àti ní 2500 Hz, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sókè.

Mo fẹ àwòrán ìgbì náà títí tí mo fi rí ibi tí okùn ti kọ́kọ́ dún nínú track méjèèjì. Àlàfo wọn hàn gbangba. Mo wá fa track máìkì kó tètè dún pẹ̀lú sample 48, èyí tó jẹ́ 1 ms gẹ́lẹ́ ní 48 kHz, torí sample 48,000 ni kọ̀ǹpútà ń kó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gìtá náà ní ara padà lójú ẹsẹ̀. Mo tún tẹ bọ́tìnì tó ń yí polarity padà, ìyẹn tó ń dorí ìgbì kodò, kí n fi mọ èyí tó nípọn jù. Ó gbẹ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Iṣẹ́ yìí kò ná mi ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí plugin tí ì bá ṣe é dára tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fader nìkan, ohun tí a fi ń gbé ìró track sókè tàbí sílẹ̀, ni mo kàn fún ìgbà pípẹ́. Mo sọ gbogbo orin di mono (ìró kan náà ní òsì àti ọ̀tún), mo yí ohùn wálẹ̀ débi tí mo fi lè bá ẹni tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ láìpariwo. Ohùn orin ni mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́, mo wá gbé béèsì sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà gìtá, ẹlẹ́gbè àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ nípa ìgbọ́ràn, Fletcher àti Munson, ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí ohùn bá ti ń lọ sílẹ̀ ni etí ènìyàn ń gbọ́ béèsì dínkù sí ìró àárín. Tí a bá yí i sókè, béèsì á kún, gbogbo orin á sì máa dùn, títí kan èyí tí kò tò. Mo fẹ́ kó tò nígbà tó bá wà nílẹ̀. Èrò tèmi ni pé orin tí kò bá dúró lórí fader lásán nínú mono, compressor ò ní gbé e dìde.

Ibi tí EQ ti wúlò fún mi jù ni àárín gìtá àti ohùn. Àwọn méjèèjì ń jà ní agbègbè 200 sí 400 Hz, ibi tí orin máa ń kún bámúbámú bí ohùn bá pọ̀ níbẹ̀. Mo gé gìtá ní 250 Hz pẹ̀lú 3 dB, mo sì gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 90 Hz nínú ohùn, torí kò sí nǹkan kan tó ń kọrin níbẹ̀ àyàfi ìró tábìlì àti ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá gbọ́ gìtá yẹn lóun nìkan báyìí, ó fúyẹ́ díẹ̀. Kò kàn mí. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lóun nìkan.

Ìró s àti ṣ ń gún mi létí ní agbègbè 6 kHz. Dípò kí n gé gbogbo ohùn níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo mú wọn, mo fa ibi tí wọ́n ti dún wálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ó ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó mọ́. ReaTune wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tún kíì (gíga ohùn nínú orin) ṣe, mo sì lò ó ní ibi díẹ̀ nínú ẹlẹ́gbè. Ẹni tó bá ń kọrin ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un o. Ohùn tó ń yọ́ bọ̀ láti òkè wá sílẹ̀ lórí sílébù kan lè jẹ́ ara ọ̀rọ̀ náà. Tí ẹ̀rọ bá wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, orin á wà ní kíì, ọ̀rọ̀ á sì ṣìnà.

Kí n tó fi compressor sí ohùn, mo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ tó rì sókè, mo sì fa èyí tó yọ jù wálẹ̀, láti ìlà dé ìlà. Nígbà tí compressor fi dé, iṣẹ́ rẹ̀ ti kéré: ratio 3:1 (bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó), attack nǹkan bí 10 ms (bó ṣe ń tètè mú un), release nǹkan bí 100 ms (bó ṣe ń tètè fi í sílẹ̀), kó máa tẹ ibi tó ga jù mọ́lẹ̀ ní 3 dB, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Reverb kan ṣoṣo, tó ń fi ìró bíi ti yàrá kún orin, ni mo lò, gbogbo track ló sì ń pín nínú rẹ̀ lórí send, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń darí ẹ̀dà ìró wọn síbẹ̀. Mo gé ìsàlẹ̀ reverb náà ní 300 Hz, mo fi pre-delay 25 ms (ìdádúró díẹ̀) sí i kí ọ̀rọ̀ lè jáde tán kí yàrá tó dáhùn. Ẹlẹ́gbè kan lọ sí òsì, èkejì sí ọ̀tún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Béèsì àti ohùn dúró láàárín.

Béèsì ló kù tó ń da ọkàn mi láàmú. Nínú headphone, ó jókòó dáadáa. Lórí fóònù, mi ò gbọ́ ọ rárá. Nóòtì E tó lọ sílẹ̀ jù lórí gìtá béèsì olókùn mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí 41 Hz, ọ̀pọ̀ sípíkà fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó wà lábẹ́ 200 Hz jáde. Kíkún fader kò ṣe é láǹfààní: fóònù ò ní gbé e, sípíkà ńlá á sì máa gbọ̀n. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣe ẹ̀dà track béèsì, mo gé ìsàlẹ̀ ẹ̀dà náà ní 150 Hz, mo sì fi plugin saturation tó bá Reaper wá sí i. Saturation máa ń bí àwọn ìró tó wà lórí nóòtì náà, bíi 164, 205 àti 246 Hz fún E yẹn. Tí etí bá gbọ́ àwọn wọ̀nyí pa pọ̀, òun fúnra rẹ̀ á fi èyí tó wà nísàlẹ̀ kún un. Díẹ̀ ni mo fi ẹ̀dà náà sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, débi pé nínú headphone mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lórí fóònù, béèsì ti ń rìn.

Mo gbé orin ẹlòmíràn tí mo fẹ́ràn ìró rẹ̀ wọlé láti fi wọn tèmi. Mo rí i dájú pé mo fà á wálẹ̀ títí tó fi le bákan náà pẹ̀lú tèmi, nítorí pé èyí tó bá le jù ni etí máa ń yàn, bó tiẹ̀ burú.

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó dé orí mastering. Mo gbé mixing jáde ní WAV 24-bit láìsí limiter lórí rẹ̀, ibi tó ga jù kan -6 dBFS, mo sì ṣí i nínú project tuntun kí ọwọ́ mi má baà máa yún mi láti padà sórí track gìtá. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kéré sí ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rò. EQ kan tó gbé òkè 10 kHz sókè díẹ̀, kò tó 1 dB. Lẹ́yìn rẹ̀, LoudMax.

Ọ̀rọ̀ bí orin ṣe yẹ kó le tó ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Spotify, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń gbé orin sí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe le tó létí) fún ẹni tó ń gbọ́, ìyẹn ni pé èyí tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fà á wálẹ̀. Mo ti orin mi dé -9 láti wò ó. Ibi tí ọwọ́ ti ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, ó di ìró yanrìn lásán. Ní -12, ọwọ́ náà hàn, ohùn sì ń mí. Nígbà tí mo fa -9 náà wálẹ̀ kó bá -12 dọ́gba, kí n gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn, -12 ló tóbi létí mi. Mo dúró síbẹ̀. Youlean tún ń fi true peak hàn, ìyẹn ibi tó ga jù gan-an tí ìgbì dé. Mo jẹ́ kó wà ní -2 dB, torí tí wọ́n bá fún WAV pọ̀ di MP3 tàbí AAC, ibi gíga rẹ̀ lè tún ga sí i, kó sì fọ́.

Fáìlì tí mo gbé jáde níkẹyìn jẹ́ WAV 24-bit, àti MP3 320 kbps láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ MP3 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń ṣọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìró s, torí ibẹ̀ ni fífún pọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Mo ṣe ẹ̀dà WAV 16-bit kan pẹ̀lú dither (ariwo kékeré tó ń bo àbùkù sísọ̀ kalẹ̀ sí 16-bit) fún ẹni tó bá fẹ́ fi í sí CD, mo sì gbé ẹ̀yà tí kò ní ohùn mi jáde nígbà tí project ṣì wà ní ṣíṣí. Track kọ̀ọ̀kan tún jáde lọ́tọ̀ ní WAV, láìsí plugin lórí wọn, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú hard drive mìíràn pẹ̀lú fáìlì project náà.