Bí Oníṣòwò Kékeré Ṣe Lè Rí Oníbàárà ní Ìlú Ìgbafẹ́ Bí Ìkógòsì

Èkìtì kò ní etíkun. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti tajà lẹ́bàá omi Ìkógòsì, níbi tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti pàdé, ní àsìkò ọdún Àjíǹde yóò mọ̀ pé ohun tí ń bá àwọn tó ń tajà létí òkun ní Badagry tàbí Lẹ́kí fínra náà ló ń bá òun fínra: èrò á ya wọ ìlú lọ́jọ́ kan, ọjà á tà wàràwàrà, nígbà tó bá sì máa fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ibẹ̀ á ti dá páropáro. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹni tó bá fẹ́ fi irú ibẹ̀ jẹun, àlàyé rẹ̀ ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí: ẹ má ṣe gbé gbogbo agbára yín lé ẹnu géètì ibi ìgbafẹ́ náà. Àlejò tó ti dé ẹnu géètì ti pinnu iye tí yóò ná, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti di oúnjẹ rẹ̀ dání láti ilé. Kí ó tó kúrò nílé ló yẹ kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tó bá sì padà sílé tán ló yẹ kí ẹ tún tà fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà bọ̀. Ìkógòsì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Àrámọ̀kọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àwọn tó ń ti Adó-Èkìtì bọ̀ máa ń gba Àrámọ̀kọ àti Erìjìyàn, àwọn tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ lè gba Ìgbàrà-Odò. Àwọn èrò náà kò sì rí bákan náà. Àwọn ẹbí tó wálé láti Èkó fún Kérésìmesì wà, àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya wà, àwọn àgùnbánirọ̀ náà wà; ṣùgbọ́n àwọn tó ń mówó gidi wọlé ni àwọn tó ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìyẹn àwọn ọmọ iléèwé tó wá rìnrìn-àjò ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Adó àti Ọ̀yẹ́. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò fi sọ́kàn nípa irú èrò báyìí ni pé ẹnì kan péré ló máa ń pinnu fún gbogbo wọn. Olùkọ́ tó ń ṣètò ìrìn-àjò, ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, tàbí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló máa sọ ibi tí wọn yóò ti jẹun. Bí ẹ bá rí ẹni yìí bá sọ̀rọ̀, ẹ ti rí ọgọ́ta ènìyàn.

Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ẹ kọ ìwé kékeré kan tí kò ju ojú ewé kan lọ, kí ẹ sì mú un lọ fún àwọn ọ̀gá iléèwé ní Adó, Àkúrẹ́, Iléṣà àti àwọn ìlú tó yí wa ká. Kí orúkọ òwò yín, nọ́ńbà fóònù, oúnjẹ tí ẹ ń sè àti iye rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ pé "iye rẹ̀ rọjú". Ẹ kọ iye rẹ̀ gan-an, nítorí olùkọ́ tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí nílò iye tó lè kọ sínú lẹ́tà. Ó dára kí ẹ ti forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kí ẹ sì ní rísíìtì, nítorí iléèwé púpọ̀ kì í san owó fún ẹni tí kò ní rísíìtì.

Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ máa ń fojú fò nítorí ojú rere, ibẹ̀ gan-an ni òwò sì ti ń wọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní iléèwé kan ní kí ẹ se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún ọmọ 60, tí ẹ sì ń ta abọ́ kan ní 1,700 náírà. Bí èlò ọbẹ̀, ìrẹsì àti ẹran abọ́ kan bá jẹ́ 1,100, tí abọ́ ìfidì àti omi inú ọ̀rá jẹ́ 100, tí igi ìdáná àti owó àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́ sì jẹ́ 150, ohun tí ẹ ná lórí abọ́ kan jẹ́ 1,350, èrè yín sì jẹ́ 350. Lórí abọ́ 60, èrè yín jẹ́ 21,000 náírà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ 10 kò bá wá mọ́, tí olùkọ́ sì ní abọ́ 50 lòun yóò sanwó fún, èrè orí abọ́ 50 jẹ́ 17,500, ẹ ó sì yọ 13,500 tí ẹ ti ná sórí abọ́ 10 tó ṣẹ́kù kúrò nínú rẹ̀. 4,000 náírà ló kù, lẹ́yìn tí ẹ ti jí ní òru láti dáná. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ gba ìdajì owó, ìyẹn 51,000, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì bá wọn ṣe àdéhùn pé iye ọmọ tí wọ́n bá sọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọn yóò sanwó fún. Ẹni tó bá ní èyí le jù, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Lójú tèmi, oníbàárà tí kò lè san ìdajì kì í ṣe oníbàárà tí a ń sunkún lé lórí.

Ti iyán tún yàtọ̀. Àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ wá sí Èkìtì ti gbọ́ nípa iyán wa kí wọ́n tó gbéra, ìpolówó tó ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kù fún yín ni pé kí iyán náà gbóná, kí ó sì kúnná. Iyán tí a gún sílẹ̀ láti òwúrọ̀ ń ba orúkọ ilé oúnjẹ jẹ́. Ẹ bẹ awakọ̀ pé kí ó pè yín nígbà tó bá kọjá Àrámọ̀kọ tàbí Ìgbàrà-Odò. Ìgbà yẹn ni kí isu tí ẹ ti bẹ sílẹ̀ gorí iná, nítorí bí àwọn èrò bá dé, wọn yóò kọ́kọ́ lọ wo omi, wọn yóò ya fọ́tò, nígbà tí wọn yóò bá fi jáde, ọmọ odó á ti máa dún. Ìró yẹn gan-an ni kí ẹ ká sínú fídíò kékeré, láìfi orin kankan sí i. Ìdajì ìṣẹ́jú tó. Kí ọwọ́ tó ń gún un hàn, kí odó mọ́, kí ooru sì máa rú jáde lára iyán náà. N kò tíì rí ìwé ìpolówó tó lè ta iyán bí irú fídíò bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kì í ta oúnjẹ, ẹ wo ohun tí àwọn tó wá sódò máa ń gbàgbé sílé. Wọ́n ń gbàgbé bàtà sílípáàsì, táwẹ́ẹ̀lì, ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lè fi wọ omi, àti ọ̀rá tí wọn yóò kó aṣọ tútù sí. Fóònù wọn sì máa ń kú lẹ́yìn fọ́tò, nítorí náà ẹni tó bá ní ibi tí wọ́n ti lè gba iná sí fóònù lákòókò tí wọ́n ń jẹun kì í wá oníbàárà. Àwọn tó ń ré kọjá lọ sí Ìpólé-Ìlórò láti wo omi Àríǹta, tó ń já wálẹ̀ lórí àpáta ní ìpele méje, nílò bàtà tó gbá ilẹ̀ mú, pàápàá lákòókò òjò tí omi náà máa ń pọ̀ tí àpáta sì máa ń yọ̀. Ẹ má ta sílípáàsì fún wọn fún irin-àjò yẹn; bí wọ́n bá ṣubú, orúkọ yín ni wọn yóò mú relé.

Ẹ tún mọ ìtàn ibi tí ẹ ti ń tajà. Àlejò yóò bi yín bí omi náà ṣe rí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń jáde látinú ilẹ̀, omi tútù ń ṣàn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn méjèèjì sì máa ń pàdé ní ojú kan, tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ inú èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì ki èkejì bọ inú èyí tó tutù. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé èyí láìbèèrè owó ni àlejò máa ń jókòó tì, ibi tí ènìyàn bá sì jókòó sí ló ti ń rajà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí WhatsApp, nítorí ibẹ̀ ni èmi rò pé ọ̀pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ òfo. Ohun tí ẹ bá gbé sí sítátọ́ọ̀sì máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, kìkì ẹni tí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, tí òun náà sì fi tiyín pamọ́, ló sì máa ń rí i. Bákan náà ni ìfiránṣẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí ó lè gba ènìyàn 256: ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò ní rí i gbà. Nítorí náà, gbígba nọ́ńbà àlejò nìkan kò tó. Kí ẹ tó fún un ní ṣéńjì rẹ̀, ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà wa pamọ́, ẹ kọ orúkọ wa àti Ìkógòsì sí i, kí ẹ lè rí wa bí ẹ bá ń fẹ́ oyin tàbí èlùbọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá délé." Ẹ dúró kí ó ṣe é lójú yín, kí ó sì fi "ẹ ǹlẹ́ o" ránṣẹ́ kí ẹ̀yin náà lè fi tirẹ̀ pamọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe máa da ìpolówó bo ènìyàn lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Irú ọ̀rọ̀ báyìí dára: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oyin tuntun ti dé láti oko, ìgò lítà kan jẹ́ 6,000 náírà. Mọ́tò máa ń lọ sí Adó àti Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó jọ̀wọ́ sọ fún wa kí ó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀." Ohun tí ẹ ń tà, iye rẹ̀, ọjọ́ tí yóò gbéra àti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò parí ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ọjà náà níta ní òwúrọ̀, kí ẹ má sì ya àlejò tó ń wẹ̀ tàbí ọmọ ọlọ́mọ láìgba àṣẹ.

Ẹ fi ìsọ̀ yín sórí àwòrán ilẹ̀ Google pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ lè fi rí yín kí ó tó dé. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ júwe ara yín, bíi iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ ń ṣí àti èyí tí ẹ ń tì.

Ní ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, àwọn ará ìlú ló ń bọ́ yín: àwọn olùkọ́, ọlọ́kadà, àwọn tó ń ti oko kòkó bọ̀. Iye kan ṣoṣo ni kí ẹ máa tà fún wọn àti fún àlejò, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí pátákó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi kún owó bí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà mọ́tò Èkó, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó gbé àlejò náà wá ń gbọ́, òun ló sì máa sọ fún àlejò tó ń bọ̀ lọ́la ibi tí kò yẹ kí ó yà sí. Nínú owó ọdún Àjíǹde àti ti Kérésìmesì, ẹ yọ apá kan sínú àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọjọ́ kejì gan-an, kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ yín.

Ní ti ọjà tí ẹ ó fi ránṣẹ́, ẹ rántí pé oúnjẹ tí a dì, tí a sì lẹ orúkọ mọ́ láti máa tà káàkiri, gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò náà kí òwò tó gbòòrò. Ẹ gba owó kí ọjà tó kúrò nílé. Ẹ fi ọ̀rá dí ẹnu ìgò oyin lábẹ́ ìdérí, ẹ to ìgò náà ní ìnàró sínú páálí pẹ̀lú ìwé ìròyìn láàárín wọn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á sí ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ ya fọ́tò páálí náà pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà pẹ̀lú nọ́ńbà awakọ̀, kí ẹ sì pe oníbàárà náà ní ìrọ̀lẹ́ láti mọ̀ bóyá ìgò kankan jò.