Eyín Ti Jẹrà? Ẹ Má Tíì Ní Kí Wọ́n Yọ Ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí eyín bá ti ń ta yín díẹ̀díẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà eyín. Èmi fi tèmi falẹ̀ tó oṣù mẹ́jọ, eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo ń fi kànáfùrù há a, ìrora á lọ, mo rò pé ó ti san, àṣé kànáfùrù kàn ń pa ìrora mọ́lẹ̀ ni, ihò yẹn ń jìn sí i.

Kòkòrò eyín tí wọ́n ń sọ yẹn kì í ṣe ìdin o. Nǹkan tíntìntín tójú ò lè rí ni, ó wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣúgà tá a bá jẹ lòun náà ń jẹ, á wá máa tu ásíìdì sára eyín, ásíìdì yẹn ló ń gbẹ́ ihò. Ẹni tó bá ní òun máa fi ewé fa ìdin jáde lẹ́nu yín, ẹ má fowó yín fún un, ẹ má sì da omi bátìrì sí i láéláé, á bó yín lẹ́nu ni.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ bó ṣe ń dùn yín gan-an. Tó bá jẹ́ omi tútù ló ń ta á, tẹ́ ẹ gbé e mì tó sì tán lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣan inú eyín ṣì dáa. Àmọ́ tó bá ń jí yín lóru, tí tíì gbígbóná ń mú un ro fún ìgbà pípẹ́, ó jọ pé ó ti wọnú nìyẹn. Wọ́n á ya X-ray kó lè dá wọn lójú.

Tí ò bá tíì dihò, tó kàn lámì funfun lára, wọ́n á fi fluoride, ìyẹn èròjà tó ń mú kí eyín le, kùn ún, eyín náà sì lè le padà, kò gba abẹ́rẹ́ rárá.

Tó bá ti dihò, wọ́n á dí i. Wọ́n á fún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré tó ń tu omi gbẹ́ ibi tó ti jẹrà kúrò, wọ́n á fi nǹkan funfun dí i, wọ́n á wá tan iná búlúù sí i kó lè le. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kẹ́ ẹ deyín mọ́ bébà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti kùn jù ló ga jù, wọ́n á ha á kúrò. Ẹ má tijú níbẹ̀ o! Èmi tijú, mo ní ó ti dáa, mo délé, gbogbo ìgbà tí mo bá panu dé ni eyín yẹn ń kọ́kọ́ kan èyí tó wà lókè, mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹnu á ṣì kú fún bíi wákàtí 2 sí 3, ẹ má jẹun títí á fi jí, kẹ́ ẹ má bàa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín jẹ láìmọ̀.

Fún ọmọdé tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́, oògùn olómi kan wà tó ní fàdákà nínú, wọ́n kàn máa ń fi kan ibi tó jẹrà ni, ó ń dá a dúró, àmọ́ ibẹ̀ á dúdú bíi kóró iṣin, kẹ́ ẹ má bàa páyà.

Tó bá ti wọnú, kẹ́ ẹ tó gbà kí wọ́n yọ ọ́, ẹ bi wọ́n pé: "Dókítà, ṣé a ò lè ṣe root canal?" Wọ́n á kó iṣan inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fọ inú gbòǹgbò, wọ́n á dí i pa, ó sì lè gbà kẹ́ ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Eyín ẹ̀yìn sábà máa ń nílò crown, ìyẹn ìbòrí líle tí wọ́n ń fi bo eyín, lé e lórí torí ó lè là. Owó rẹ̀ ju ti yíyọ lọ, torí náà ẹ béèrè gbogbo ẹ̀, títí kan ti crown, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ojú bá wú, tí ara gbóná, tí ẹ ò lè gbé itọ́ mì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣòru.

Tó bá wá di yíyọ, ẹ deyín mọ́ òwú tí wọ́n fún yín fún ìṣẹ́jú 30, ẹ má ṣan ẹnu fún wákàtí 24, ẹ má mu sìgá, ẹ má fi straw mu nǹkan, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò yẹn ló ń bo egungun. Tó bá ṣí kúrò, bí ọjọ́ kẹta ìrora tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lè dé. Ẹ má gbé e mọ́ra, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n á fọ ihò náà, wọ́n á fi oògùn sí i, á sì rọlẹ̀.