Àṣìṣe àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún gbájúẹ̀

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Òṣogbo pé ta ló ń mójú tó ààbò kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á ní ọmọkùnrin kan tó ń bá àwọn tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọláìyá ni. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọmọ náà lè mọṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa sọ ẹni tó lè fọwọ́ sí owó, tàbí iye ọjọ́ tí òwò yín lè fi wà láìsí ìwé oníbàárà kankan. Ọ̀gá ló ni ìyẹn.

Èyí tó ń kó owó lọ jù lójú tèmi ni kí ọ̀gá máa pàṣẹ owó lórí WhatsApp. "San mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sí àkáǹtì yìí kíá. Mo wà ní ìpàdé, má pè mí." Akáńtáǹtì tó mọ̀ pé ọ̀gá òun kì í fẹ́ ìbéèrè á sanwó. Gbájúẹ̀ tó bá ti gba WhatsApp ọ̀gá náà mọ́ ọn lọ́wọ́ kò nílò ju gbólóhùn yẹn lọ. Ọ̀gá tó bá sì bú akáńtáǹtì torí pé ó pè láti wádìí, ó ti kọ́ ọ pé kó má wádìí mọ́.

Irú rẹ̀ kan tún wà. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò kún òtẹ́ẹ̀lì, tí ọwọ́ gbogbo èèyàn dí, ímeèlì kan lè wọlé lórúkọ ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín pé, "A ti yí àkáǹtì wa padà." Ẹ má san kọ́bọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Owó tó bá ju iye tí ẹ fẹnu kò sí lọ, kí èèyàn méjì fọwọ́ sí i, kí òfin náà sì mú ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà fáìlì ńkọ́? Flash tó kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà láti January dé December ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹ̀dà. Ohun tó bá pa kọ̀ǹpútà náà á pa flash pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹfà 2017, ètò kọ̀ǹpútà burúkú tí wọ́n ń pè ní NotPetya wọ Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá ti Denmark. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ìwọlé òṣìṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà ń da ẹ̀dà ara wọn kọ, wọ́n sì jọ bàjẹ́ pọ̀ ni. Ẹyọ kan péré ló yè, ní Ghana, torí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí ìkọlù náà tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, àdánù wọn tó nǹkan bí 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ má retí pé NEPA ló máa gba tiyín. Ẹ yọ ẹ̀dà kan sílẹ̀, ẹ gbé e kúrò ní ọ́fíìsì, kí ẹ sì máa ṣí i wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ tó ti lọ, ẹ ti ìwọlé rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà gan-an. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ti ìwọlé tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ni àwọn ọ̀daràn fi wọ Colonial Pipeline, iléeṣẹ́ tó ń fi páìpù gbé epo ní Amẹ́ríkà, ní 2021.

Èyí tó kù ni bíbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú nígbà tí dátà àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ olè. Iléèwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń kó NIN àti BVN èèyàn jọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ní tí ìjábá náà bá lè pa àwọn èèyàn náà lára, kí ẹ sọ fún àjọ tó ń rí sí i láàárín wákàtí 72. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé yín lọ́dún tó kọjá, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ti àwọn iléeṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì kan náà, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù.

Bó bá jẹ́ owó ló lọ, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n lè tì í pa kó tó kúrò níbi tó balẹ̀ sí. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà tí olè wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí á ti rí ipa ẹsẹ̀ olè.