Bí Òǹkọ̀wé Ṣe Lè Di Ohùn Ara Rẹ̀ Mú

Ẹni tó bá ń kọ̀wé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ bá òun tún ohùn òun ṣe pọ̀: olóòtú ní kí èdè rẹ̀ jọ ti Ọ̀yọ́, ẹbí ní kí ó má sọ ọ̀rọ̀ ilé síta, ẹni tó sì fowó sílẹ̀ fún ìwé ń retí oríkì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohùn yín. Kí ẹ tó fi bírò kan ìwé, ẹ sọ ìtàn náà sórí fóònù bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ dàgbà, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá kọ wé e lẹ́yìn náà. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ti le ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ láìnídìí, ẹ tún un kọ.

Bí àtúnṣe bá ti ọ̀dọ̀ olóòtú dé, ẹ yà á sí méjì. Àkọtọ́ kì í ṣe ohùn: bí ó bá sọ “aiye” di “ayé”, gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ṣe là á sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan bá ń ná iṣu ní ọjà Òmù-Àrán nínú ìtàn yín, tí olóòtú wá gba ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà lẹ́nu rẹ̀, tó fi Yorùbá ilé-ìwé rọ́pò rẹ̀, ìyá náà gan-an ló pààrọ̀. Ẹ bi í ní ìdí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ó bá ní kò ní yé òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ẹni tó ń tajà gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. N kò rí ìdí tí a ó fi máa ṣe àlàyé Ìgbómìnà fún ọmọ Yorùbá bí ẹni pé èdè òkèèrè ni. Olórin ni Odòlayé Àrẹ̀mú, orin dadakúàdà ti Ìlọrin ló ń kọ, àwọn ará Ìbàdàn sì ń gbọ́ ọ.

Ti olówó ló ṣòro jù. Kí ẹ tó gbowó ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ nípa ẹni tí yóò ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ó bá ní òun ni, ẹ má fi orúkọ yín sí i.

Ní ti ẹbí, ẹ yí orúkọ àti agboolé padà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ náà han àgbà kan kí ó tó jáde, kì í ṣe láti gba àṣẹ, bí kò ṣe láti mọ ibi tí yóò ti dun ẹnì kan láìnídìí. Ẹ̀dà orí ìwé ni kí ẹ fún un. Bí ó bá jẹ́ ti orí fóònù, gbogbo agboolé ni yóò ti kà á kí ilẹ̀ tó ṣú.